Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Iyàn Pẹ̀lú Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Láti ìgbà tí a ti kéde pé iyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, lẹ́tà ti ń wọlé bí ẹni pé kò sí òǹkàwé wa kan tí ẹni tí kò mọ̀ rí kò tíì bú lórí fóònù. A kò lè fèsì sí gbogbo wọn. A mú márùn-ún, a sì gé díẹ̀ kúrò nínú àwọn tó gùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo wà nínú gúrúùpù kan lórí WhatsApp tí a ti máa ń fi àlọ́ ìṣirò dán ara wa wò. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gbé èyí sílẹ̀: ilẹ̀kùn mẹ́ta wà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn ọ̀kan, ewúrẹ́ sì wà lẹ́yìn méjì tó kù. Ènìyàn mú ilẹ̀kùn kan. Atọ́kùn eré ṣí ọ̀kan nínú méjì tó kù, ewúrẹ́ yọjú, ó wá ní bóyá ẹni náà fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kò sí ìyàtọ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn méjì ló kù, ọgbọọgba sì ni wọ́n. Ó ní kí ènìyàn pààrọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi fà á, ó sì fi pípè mí ní òpè parí rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí láti ọdún 2004. Ta ló jàre? (Olùkọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọkùnrin náà ló jàre, Olùkọ́, bí eré náà bá rí bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ìbínú pa ìwé yìí dé, nítorí pé ọ̀nà kan wà tí ìdáhùn tiyín náà fi tọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹlẹ́gbẹ́ yín pọ̀. Inú eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tí Monty Hall jẹ́ atọ́kùn rẹ̀, ni wọ́n ti fa àlọ́ yìí yọ. Steve Selvin ti kọ nípa rẹ̀ ní 1975, ṣùgbọ́n ọdún 1990 ni ariwo rẹ̀ tó ta, nígbà tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ sí Marilyn vos Savant, ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè nínú ìwé ìròyìn Parade gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń ṣe níhìn-ín. Obìnrin náà ní kí òǹkàwé òun pààrọ̀. Lẹ́tà bí 10,000 ló wọlé tọ̀ ọ́, bí 1,000 nínú wọn sì wá láti ọwọ́ àwọn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ fún un pé ó ṣìnà, tí àwọn kan sì ń fi í ṣẹ̀sín. (Èmi tí lẹ́tà mi kò kún àpò kan lóṣù yìí ti ń kùn.) Paul Erdős pàápàá, tó wà lára àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kò gbà títí wọ́n fi jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ta eré náà ní àtaàtúnta lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó pè yín ní òpè kò mọ irú ènìyàn tó kó yín pọ̀ mọ́.

Ẹ wá mú ife mẹ́ta àti ẹyọ ẹ̀pà kan. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni èmi fi ṣe atọ́kùn nígbà tí mo dán an wò lórí tábìlì ìjẹun. Òun ló ń fi ẹ̀pà pamọ́, èmi ló ń mú ife, òun ló sì ń ṣí ọ̀kan nínú méjì tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a pààrọ̀ ẹ̀pà nítorí pé ó jẹ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ọkàn sí ibi tó fi nǹkan pamọ́ sí, èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣí, nígbà mìíràn ẹ̀pà á yọ síta kedere, òun á bú sẹ́rìn-ín, èmi á ní eré ti bàjẹ́, ká tún un ta. Nígbà tó yá ni mo sọ fún un pé kó máa rántí, kó má ṣe ṣí ibi tí ẹ̀pà wà láéláé. Ìgbà yẹn ni eré wa tó di eré Monty Hall.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ẹ gbà pé ife àkọ́kọ́ ni ẹ máa ń mú. Bí ẹ̀pà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ yóò pàdánù. Bí ó bá wà lábẹ́ ìkejì, atọ́kùn tó mọ ibi tó wà kò ní ohun tí yóò ṣí ju ìkẹta lọ, ẹni tó bá pààrọ̀ yóò jẹ. Bí ó bá wà lábẹ́ ìkẹta, ìkejì ni yóò ṣí dandan, ẹni tó bá pààrọ̀ yóò tún jẹ. Ìgbà méjì nínú mẹ́ta nìyẹn. Bí ẹ bá ta á ní ìgbà 30, pípààrọ̀ yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 20, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀.

Ti atọ́kùn tí kò rántí ńkọ́? Bí ẹ̀pà bá wà lábẹ́ ìkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkejì náà gan-an ni yóò ṣí, eré á sì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá wà lábẹ́ ìkẹta. Ìdajì àwọn ìgbà tí ìbá ṣe ẹni tó ń pààrọ̀ lóore ni yóò ṣòfò báyẹn. Bí a bá wá yọ àwọn eré tó bàjẹ́ kúrò, tí a ka àwọn tó kù, ẹni tó pààrọ̀ àti ẹni tó dúró yóò jẹ bákan náà. Ọgbọọgba tí ẹ wí nìyẹn, Olùkọ́.

Ẹ padà sí àlọ́ náà bí ẹ ti dà á kọ sí wa. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ nínú rẹ̀ pé atọ́kùn mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ọkùnrin náà fi í sọ́kàn pé ó mọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin kò sì fi í sọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fi ń dáhùn ìbéèrè méjì, tí olúkúlùkù sì ń bínú sí ìdáhùn ẹnìkejì. Ìbá jẹ́ pé ẹnìkan bèèrè lọ́jọ́ kìíní pé, "Ǹjẹ́ atọ́kùn yìí mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?", ilẹ̀ kì bá tí ṣú kí ẹ tó parí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni méjì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọjà kan náà ni àwọn ń lọ.

Ohun kan ló kù tó ń jà mí níyàn nínú àlọ́ yìí: wọ́n fi ewúrẹ́ ṣe ohun àdánù. Ẹni tó fi í lọ́lẹ̀ kò tíì bèèrè iye tí wọ́n ń ta ewúrẹ́ lọ́jà wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, mo máa ń bá àwọn tí n kò mọ̀ ta ayò lórí fóònù. Láìpẹ́ yìí ni mo kó gbogbo ọmọ ayò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi pé ojóró ni, pé ní ìlú àwọn, a kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó tún ní kọ̀ǹpútà ti ta ayò tán lágbàáyé, pé àwa tí a ṣì ń ta á ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ bá mi dá a lóhùn. (Ọmọ Ọlọ́pọ́n, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Mo bá yín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wí ni irọ́.

Ibi tí òfin ayò ti dọ́gba pọ̀. Ojúlé 12 ni, mẹ́fà fún olúkúlùkù, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ọmọ ayò tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn bá sọ ojúlé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta ló ń jẹ, ẹni tó bá sì jẹ 25 ti borí, nítorí pé ìyókù kò lè tó tirẹ̀ mọ́. Bí ẹni méjèèjì bá jẹ 24, ọ̀mì ni. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì bá ti ṣófo, tí ẹ sì ní ohun tí ẹ lè ta tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fún un.

Ibi tí ẹ ti jà gan-an ni òfin kò ti dọ́gba. Ayò kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan: oware ni wọ́n ń pè é ní Ghánà, awalé ni ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì kó o rékọjá òkun dé erékùṣù Antigua, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní warri. Lórí ọ̀ràn kí ènìyàn kó gbogbo ọmọ ayò ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ní kí ó máa jẹ ẹ́, àwọn kan ní kí ó ta á ṣùgbọ́n kí ó má jẹ nǹkan kan, àwọn mìíràn sì ní kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ta á. Kò sí èyí tó jẹ́ ojóró nínú wọn. Ojóró ni kí ènìyàn mọ òfin kan tẹ́lẹ̀ kó wá yí i padà nígbà tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jókòó sí ìdí ọpọ́n lábẹ́ igi máa ń gbọ́ òfin agbolé náà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ẹni tó kọ ètò náà ló ti yan òfin sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì kò sì kà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà kì í kà á.

Ní ti kọ̀ǹpútà, òótọ́ wà nínú ohun tó wí. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal, ní yunifásítì kan ní Amsterdam, lo kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144 fún wákàtí 51, wọ́n sì yẹ gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò lórí ọpọ́n wò, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 889,063,398,406. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì tí kì í ṣe àṣìṣe rárá bá ta á, ọ̀mì ni yóò parí sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè pé ta ni ẹni náà tí kì í ṣe àṣìṣe? Kì í ṣe òun, nítorí pé ẹ kó gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ lọ. Pé kọ̀ǹpútà mọ ibi tí eré yóò parí sí kò sọ ohun tí òpè àti ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, yóò fojú ara wọn rí nírọ̀lẹ́ òní.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà parí dírááfù náà? Tẹ́tẹ́ wà lórí rẹ̀. (Méjì Ń Jiyàn, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Dírááfù wo? Ti pátákó ojú 64, tí olúkúlùkù ń kó ọmọ 12 lé lórí, ni Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà parí ní 2007, lẹ́yìn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ọ̀mì ni ìyẹn náà. Ti pátákó ojú 100, tí olúkúlùkù ń kó ọmọ 20 lé lórí, kò tíì sí ẹni tó parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni chess. Ẹ dá owó tẹ́tẹ́ padà fún ara yín, ẹ̀yin méjèèjì kò sọ èyí tí ẹ ń tẹ́ lé lórí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ kọ ọ́ sí gbàgede kan pé jíjẹ orógbó ń wo àrùn Ebola, pé àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó wá fi ìròyìn kan hàn mí, mo kà á, mo sì rí i pé onímọ̀ kan sọ nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹnu mi wọhò. Ó tún ní bí n kò bá gbà, kí n mú ẹ̀rí wá pé orógbó kò ṣiṣẹ́. Kí ni ǹ bá ti wí? (Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ìwà ọmọlúàbí ni ẹ hù bí ẹ ti ka ìròyìn náà tí ẹ sì dákẹ́? Ọ̀pọ̀ kì í kà á, wọn kì í sì í dákẹ́.

Ohun tó fi hàn yín kò ṣàjèjì. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ọmọ Nàìjíríà, sọ ní ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, pé àwọn èròjà tí a yọ láti inú orógbó dí kòkòrò Ebola lọ́wọ́ láti máa bí sí i nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí èròjà tí a yọ, tí a sì bù lé kòkòrò lórí nínú ohun èlò ìwádìí. Kò sí ẹni tó run orógbó lẹ́nu nínú rẹ̀, kò sì sí aláìsàn kankan tó jẹ́ orógbó ló wò ó sàn. Láàárín ohun èlò ìwádìí àti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ oògùn tó kọ́kọ́ wu ni ti máa ń kú: ó lè jẹ́ pé ikùn yóò ba èròjà náà jẹ́, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n tí yóò dá kòkòrò dúró yóò ti ṣe ẹni tó mu ún ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì sọ òótọ́ díẹ̀, ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé, "Níbo ni wọ́n ti dán an wò, ara ta sì ni?"

Ní ti pé kí ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ má gba ẹrù yẹn rù. Ẹni tó ní nǹkan ń wo àrùn ló ni ẹrù ẹ̀rí, kì í ṣe ẹni tó ní òun kò tíì rí i. Bí a bá yí i padà, ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa wá ẹ̀rí lórí ewé àti egbò tó wà nígbó.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014. Aláìsàn Ebola àkọ́kọ́ ti wọ Èkó ní 20 oṣù keje, ẹ̀rù sì ti ba gbogbo wa. Àfi bí fóònù ti ń dún lóru, tí àwọn ènìyàn ń jí ara wọn lójú oorun pé kí olúkúlùkù tètè fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé mi náà gbọ́. Mo rántí ìró omi tí wọ́n ń dà sínú garawa ní ilé kejì, nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ. Ní àárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ jáde pé ó kéré tán, ẹni méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Kì í ṣe Ebola ló pa wọ́n. Iyọ̀ náà ń pa kòkòrò bí ó bá pọ̀ tó nínú ìgò, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ohun tó mú kí àrùn náà kúrò nílẹ̀ wa ní 20 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kàn, wọ́n ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ya ẹni tó bá ní ibà sọ́tọ̀. Ẹni 20 ló mú, ó pa mẹ́jọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde nílé ìwòsàn, sì wà nínú wọn. Bí ẹ bá tún bá ọkùnrin yẹn pàdé, ẹ sọ èyí fún un kí ẹ tó sọ ti orógbó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúmọ́ o, mà tàbí sà. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Mo sọ níbi kan pé ẹni tó bá ń fi ohùn ìṣẹ́jú méje ránṣẹ́ sí ènìyàn láìkọ́kọ́ bèèrè kò ní ẹ̀kọ́. Ẹnìkan ta kò mí, mo sì dá a lóhùn pé "ìwọ náà wà lára wọn." Ó ní òun bí bàbá mi lọ́mọ, gbogbo ènìyàn sì kọjú ìjà sí mi. Mo tọrọ àforíjì. Ṣé mo ti jẹ̀bi iyàn náà nìyẹn? (Ọmọ Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kò jẹ̀bi iyàn. "Ìwọ" lẹ jẹ̀bi rẹ̀, ẹ sì ti tọrọ àforíjì, ó ti tán.

Èdè wa kò fún wa láyè láti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ kí a má tíì pinnu ipò rẹ̀, nítorí pé kò pẹ́ tí ẹnu fi ń kan "o" tàbí "ẹ". Ní ìta, irun àti ìrìn ń sọ fún ni. Lórí fóònù, àwòrán òdòdó ni ẹlòmíràn fi síbẹ̀, òmíràn fi ti ọmọ rẹ̀. Èmi ń pe gbogbo ẹni tí n kò mọ̀ ní "ẹ". Ẹ rí i pé bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń pe ẹ̀yin náà láti òkè, bẹ́ẹ̀ àbíkẹ́yìn mi jù yín lọ. Bí ẹ bá fi "ẹ" pe ọmọdé, ẹ kò pàdánù nǹkan kan, òun ni yóò rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àgbà náà ṣe ohun kan tí n kò fara mọ́. Ọ̀rọ̀ ohùn ìṣẹ́jú méje ni ó wà nílẹ̀, ó fi ọjọ́ orí dá a lóhùn. Ọjọ́ orí lè sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí ẹnìkejì, kò lè sọ bóyá ẹni tó wà níbi iṣẹ́ tàbí nínú ọkọ̀ èrò ní àyè láti gbọ́ ohùn gígùn. Níbi ayò, ọ̀ta lè fi òpè tó jù ú lọ́jọ́ orí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kí gbogbo ìdí ọpọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì jọ dìde lọ jẹun, nítorí pé wọ́n ń wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tó rí ojú yín nígbà tí ẹ tẹ "ìwọ" yẹn.

Mo sì gbà pẹ̀lú yín nípa ohùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé arábìnrin mi ní Òṣogbo kò ní bá mi sọ̀rọ̀ bí ó bá ka èyí. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tàbí tí kò mọ̀wé kọ, ohùn ni ó rọrùn fún un, ó ṣeé ṣe kí àgbà yẹn wà nínú wọn, ẹ kò sì bèèrè. Bí ẹ bá tún bá a pàdé níbẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í bóyá kí ẹ tẹ èsì yín ni tàbí kí ẹ sọ ọ́ sí i létí.